Aràn Ibú Òkun: Ibo Ni Wọ́n Wà, Kí Ló Sì Mú Kí Wọ́n Ṣọ̀wọ́n?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ló bẹ̀rẹ̀ àwọn ìbéèrè yìí nínú kíláàsì baọ́lọ́jì, àwọn òbí wọn sì fi tiwọn kún un. Mo to àwọn tó jọra pọ̀ sójú kan. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn ò gùn; bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ní ẹran lára tó ni mo ṣe sọ ọ́ tó.

Tíṣà, irú aràn wo lẹ ń sọ? Ṣé èyí tó máa ń wà nínú ikùn ọmọdé ni?

Rárá o. Aràn ikùn àti sobìà jẹ́ ẹbí ọ̀tọ̀ gbáà. (Àwọn àgbà Kwara ò lè gbàgbé sobìà. Ọdún 2013 ni àjọ WHO tó kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.) Mọ̀lẹ́bí ekòló ni àwọn tí à ń sọ yìí, ekòló tí ń yọ síta nínú oko lẹ́yìn òjò. Inú òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹbí náà fi ṣe ilé: irú wọn tó ti ní orúkọ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ lé ní 10,000. Òmíràn ò gùn tó èékánná, òmíràn sì ga ju ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ lọ.

Àwọn tó wà ní ibú nìkan ni màá sọ nípa wọn níbí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dé. Tí a bá pín ìjìn gbogbo òkun ayé dọ́gba, nǹkan bí 3,700 mítà ló máa jẹ́, nítorí náà òkùnkùn yẹn pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ṣé wọ́n lè wọ ara ènìyàn?

Wọn ò lè wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá gbé ọ̀pọ̀ wọn wá sókè omi, wọn ò ní pẹ́ kú.

Àwa ará Kwara ò ní òkun. Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Omi Odò Àsà tó gba àárín Ìlọrin kọjá, inú Odò Ọya ló ń bọ́ sí nígbẹ̀yìn. Ọya sì ti ń kó ẹrẹ̀, iyanrìn àti ewé jíjẹrà lọ sínú òkun láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Ẹrẹ̀ yẹn ti ga jọ ní Niger Delta débi pé níbòmíràn ó nípọn ju kìlómítà mẹ́wàá lọ. Ohun jíjẹrà tó sin sínú rẹ̀ ni ooru ilẹ̀ sè títí ó fi di epo àti gáàsì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ epo ń fà jáde. Díẹ̀ ń gba ihò ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun sun jáde fúnra rẹ̀. Gáàsì tó ń sun jáde bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ àwọn aràn kan dúró lé. Nígbà tí ẹ bá rí àgbàrá òjò tó ń wọ́ ilẹ̀ pupa lọ sínú Àsà, ẹ̀ka kékeré kan nínú ọ̀rọ̀ yìí lẹ rí yẹn.

Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun abẹ̀mí wà nísàlẹ̀ tó jìn tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀mọ̀wé ará Bìrìtìkó kan, Edward Forbes, ló sọ ní 1843 pé bí ènìyàn bá ti kọjá nǹkan bí 550 mítà sísàlẹ̀, kò sí ohun abẹ̀mí mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́. Ọkọ̀ Challenger tó rìn yí ayé ká láti 1872 dé 1876 ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: ó ju àwọ̀n sí ibú, ó sì kó aràn àti oríṣiríṣi nǹkan bọ̀. William McIntosh ló kọ ìwé tó nípọn lórí àwọn aràn náà, tó jáde ní 1885.

Èyí tó ya ayé lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ ní 1977. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti àpáta wọ ọkọ̀ abẹ́ omi Alvin lọ wá omi gbígbóná ní ìsàlẹ̀ òkun nítòsí erékùṣù Galápagos, ní nǹkan bí 2,500 mítà. Wọn ò mú onímọ̀ ohun abẹ̀mí kankan dání, torí wọn ò retí pé wọ́n á rí nǹkan tó ń mí. Aràn funfun tó dúró nínú ọ̀pá ni wọ́n bá, orí rẹ̀ pupa fòò, ó ga tó mítà méjì. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran tó kú ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá rẹ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kó sínú ọtí vodka. (Ẹ̀yin alfa wa, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò mu ún.) Riftia pachyptila ni orúkọ tí wọ́n fún aràn náà ní 1981.

Wọ́n ní kò lẹ́nu, kò sì ní ìfun. Báwo ló ṣe ń jẹun?

Òótọ́ ni, Riftia tó ti dàgbà ò ní ẹnu, kò ní ìfun, kò sì ní ihò ìdí. Orí pupa yẹn ló fi ń gba atẹ́gùn ọ́síjìn àti gáàsì imí-ọjọ́, èyí tó ń rùn burúkú tó sì jẹ́ májèlé fún wa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbé méjèèjì lọ sínú àpò ńlá kan nínú ara rẹ̀ tí bakitéríà kún fọ́fọ́. Àwọn bakitéríà yẹn ló ń fi gáàsì náà dáná, tí wọ́n ń se oúnjẹ fún ara wọn àti fún onílé. Colleen Cavanaugh, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard nígbà náà, ló ròyìn rẹ̀ fáyé ní 1981.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ ibùgbé wọn. Aràn náà kì í bí bakitéríà mọ́ ọmọ. Ibi tí ọmọ bá gúnlẹ̀ sí ló ti ń kó o, tí bakitéríà á gba awọ ara wọlé. Bí ọmọ náà bá dé ibi tí gáàsì wà ṣùgbọ́n tí bakitéríà rẹ̀ ò sí níbẹ̀, òfò ni.

Omi gbígbóná kẹ̀? Báwo ni ẹran á ṣe wà nínú rẹ̀ tí kò ní jinná?

Omi tó ń tú jáde látinú ihò lè gbóná kọjá 350 °C, ṣùgbọ́n omi tó yí i ká tutù, nǹkan bí 2 °C péré ni. Àárín méjèèjì ni àwọn aràn náà ń gbé. Èyí tó súnmọ́ iná jù ni Alvinella pompejana, tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ. Ìdí rẹ̀ á wà nínú ọ̀pá tó gbóná, orí rẹ̀ á wà níta níbi tó tutù díẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ káàkiri pé ó lè gbé nínú 80 °C. Èmi ò tíì gba èyí gbọ́ rí: àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí èyí tó wà láàyè, tó jáde ní 2013, fi hàn pé láàárín 50 sí 55 °C ó ti ń kú.

Ó dáa. Ibo gan-an ni wọ́n wà lórí máàpù ayé?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ìlà-oòrùn òkun Pàsífíìkì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ wọ́n jù. Riftia wà ní Galápagos, ó wà lórí òkè gígùn abẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní East Pacific Rise, ó sì dé ibú Guaymas ní Mẹ́síkò. Kò tíì sẹ́ni tó rí i ní òkun mìíràn. Alvinella pompejana náà, orí East Pacific Rise yẹn nìkan ni. Bí ẹ bá gòkè sí àríwá, níwájú etí òkun Kánádà àti Oregon, Riftia á ti dàwátì, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń jẹ́ Ridgeia piscesae ló gba ipò rẹ̀.

Ní ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì, ìdílé Lamellibrachia ló pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Lamellibrachia satsuma, ń gbé ní ìtòsí Kagoshima ní Jàpáànì, níbi tí ìjìn omi ò ju 82 mítà lọ. Èyí dà mí láàmú nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, torí gbogbo ẹbí rẹ̀ ló wà ní ibú. Gáàsì ló tẹ̀ lé wá síbẹ̀. Ìjìn omi kọ́ ni wọ́n ń wá, oúnjẹ ni.

Ní ibi tó jìn jù lọ, ọkọ̀ abẹ́ omi Fendouzhe ti ilẹ̀ Ṣáínà sọ̀ kalẹ̀ sínú àwọn kòtò ńlá Kuril-Kamchatka àti Aleutian ní 2024. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2025: aràn tín-ín-rín onílé ọ̀pá pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, ó sì dé 9,533 mítà sísàlẹ̀. Kò sí àwùjọ ohun abẹ̀mí tó ń jẹ gáàsì tí wọ́n tíì rí ní ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Àtìláńtíìkì wá yàtọ̀. Ihò omi gbígbóná pọ̀ lórí òkè gígùn tó gba àárín rẹ̀ kọjá, láti 1985 ni wọ́n sì ti ń wò wọ́n. Aràn ńlá onílé ọ̀pá ò sí níbẹ̀ rárá. Edé tí kò lójú, Rimicaris exoculata, ló bo àwọn àpáta ibẹ̀ bí eéṣú. Ní East Scotia Ridge nítòsí Àǹtátíìkà, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2012, akàn onírun ni wọ́n bá, kò sí aràn ńlá. Ṣùgbọ́n ní Gulf of Mexico, níbi tí epo àti gáàsì ti ń sun jáde láìgbóná, Lamellibrachia luymesi àti Escarpia laminata kún bí igbó. Àwọn kan tún wà ní ihò omi gbígbóná ní òkun Karíbíánì.

Tiwa ńkọ́? Ṣé kò sí nǹkan ní òkun Áfíríkà?

Ó wà, àwa ni a ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Níwájú Gabon àti Congo, ní 3,160 mítà sísàlẹ̀, kòtò ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní REGAB, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 800 mítà. Àwọn onímọ̀ láti Ifremer, ilé ìwádìí òkun ti ilẹ̀ Faransé, ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Gáàsì mẹtéènì ń sun jáde nínú rẹ̀, àwọn ẹran oníkarawun pọ̀ níbẹ̀, aràn onílé ọ̀pá kan sì dúró láàárín wọn: Escarpia southwardae. Ọdún 2004 ni wọ́n fún un lórúkọ, láti fi yẹ́ Eve Southward sí, obìnrin ará Bìrìtìkó tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹbí aràn yìí.

Bí ẹrẹ̀ Odò Ọya ṣe kó jọ níwájú ilẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrẹ̀ odò Congo ṣe kó jọ níwájú tiwọn. Gáàsì ń sun ní ìsàlẹ̀ òkun Nàìjíríà pẹ̀lú, òmíràn nínú rẹ̀ ti di yìnyín sínú ẹrẹ̀ nítorí òtútù àti ìwúwo omi. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ló mọ ibẹ̀ jù, torí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kànga. Epo ni wọ́n ń wá, kì í ṣe aràn.

Kí ló dé tí ọ̀kan á fi wà níhìn-ín tí kò ní sí lọ́hùn-ún?

Oúnjẹ ni àkọ́kọ́, mo sì ti sọ ọ́: níbi tí imí-ọjọ́, mẹtéènì tàbí egungun (ọ̀rọ̀ egungun ń bọ̀ níwájú) ò bá sí, àwọn aràn tí mò ń dárúkọ yìí ò lè dúró. Ibi tí nǹkan wọ̀nyí wà jìnnà síra, ọ̀nà tó wà láàárín sì jẹ́ aṣálẹ̀ fún wọn.

Àgbà wọn kì í rìn. Ọmọ tí kò tíì tó ohun tí ojú lè rí ló ń bá ìṣàn omi lọ. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ọmọ Riftia lè fi nǹkan bí ọjọ́ 38 léfòó lórí ọ̀rá tí ìyá fi sínú ẹyin rẹ̀, kó sì dé ibi tó jìn tó 100 kìlómítà, bí omi bá gbè é. Bí kò bá rí ihò gbígbóná mìíràn kí ọ̀rá náà tó tán, ó parí nìyẹn. Ihò náà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Ní 1991, iná abẹ́ ilẹ̀ bú jáde lórí East Pacific Rise, ó jó gbogbo ohun tó wà níbi kan run. Láàárín ọdún kan, aràn kékeré kan, Tevnia, ti gba ibẹ̀. Nígbà tó fi di 1993, Riftia ti ga ju mítà kan lọ níbẹ̀. Nínú ẹran tí kò ní egungun ẹ̀yìn tó ń gbé inú òkun, kò sí èyí tí wọ́n mọ̀ tó ń yára dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ Panama tó dí ọ̀nà pátápátá ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, omi Pàsífíìkì àti ti Àtìláńtíìkì ń wọnú ara wọn. Ẹ wo irú Escarpia mẹ́ta yìí: spicata ní ìlà-oòrùn Pàsífíìkì, laminata ní Gulf of Mexico, southwardae ní Áfíríkà. Ìrísí ara wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n apá DNA tí wọ́n sábà máa ń fi dá irú ẹran mọ̀ yàtọ̀ lára wọn kò ju bíńtín lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, òkun ló pín wọn níyà. Fún èmi, èyí ni ibi tó dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: aràn tó wà níwájú Gabon ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Mẹ́síkò.

Ìdí tí Riftia ò fi sí ní àárín Àtìláńtíìkì, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ihò ibẹ̀ jìnnà síra ju ti ìlà-oòrùn Pàsífíìkì lọ, ìyẹn wà lára rẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé aràn kan wà tó ń jẹ egungun?

Osedax nìyẹn. Ní 2002, ọkọ̀ róbọ́ọ̀tì kan rí òkú àbùùbùtán ní 2,891 mítà sísàlẹ̀ ní Monterey Bay ní California, aràn pupa sì bo egungun rẹ̀. Ní 2004 ni wọ́n fún un lórúkọ. Bíi ti Riftia, òun náà ò lẹ́nu. Ó ń ta gbòǹgbò wọ inú egungun, ásíìdì tó ń yọ lára rẹ̀ sì ń yọ́ egungun náà. Abo ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo èyí tí ẹ lè fojú rí. Akọ kéré jọjọ, inú ọ̀pá abo ni wọ́n ń gbé, ọ̀pọ̀ akọ sí abo kan. (Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì mi ò fẹ́ràn apá yìí.)

Ta wá ló sọ pé wọ́n ṣọ̀wọ́n?

Ìbéèrè yìí ni mo ti ń retí. Osedax yẹn, títí di 2002 kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà. Ní 2005 wọ́n ti rí irú rẹ̀ kan ní Sweden, nínú omi tí kò ju 125 mítà lọ. Ní 2006, Jàpáànì. Ní 2013, Àǹtátíìkà. Ní 2019, níwájú Bùràsíìlì, ní 4,204 mítà. Ṣé aràn náà ló ń tàn kálẹ̀ ni? Rárá, ojú àwọn tó ń wá a ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sclerolinum contortum, tínrín bí òwú, tí wọ́n ti rí ní òkun Norway, ní Gulf of Mexico àti ní Àǹtátíìkà.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2025 ka gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi ti sọ̀ kalẹ̀ sí ibú láti 1958. Ìsàlẹ̀ ibú òkun tí ojú ènìyàn tàbí kámẹ́rà ti rí kò tó ìdá kan nínú 100,000. Kìlómítà 3,823 níbùú lóròó ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ Kwara. Nínú ohun tí wọ́n rí yìí, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nítòsí orílẹ̀-èdè mẹ́ta péré: Amẹ́ríkà, Jàpáànì àti New Zealand. Nítorí náà, bí ẹ bá rí máàpù aràn ibú òkun tí àmì rẹ̀ kún California àti Jàpáànì, tí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ṣófo, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọkọ̀ ta ló dé ibẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣọ̀wọ́n tí à ń kà, owó epo ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe iye aràn.

Èyí ò túmọ̀ sí pé kò sí èyí tó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́. Ogójì ọdún ni wọ́n ti fi wo àárín Àtìláńtíìkì láìrí Riftia kan. A gbọ́dọ̀ gbà pé kò sí níbẹ̀. Àti pé ohun kan lè ṣọ̀wọ́n láyé kó sì pọ̀ rẹpẹtẹ lójú ilé rẹ̀: ẹni tó bá dé ihò kan ní Galápagos á rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọdún mélòó ni wọ́n ń lò láyé?

Ti ihò gbígbóná kì í pẹ́, torí ilé wọn pàápàá kì í pẹ́. Ti ibi tí gáàsì ti ń sun jẹ́jẹ́ ló ń dàgbà díẹ̀díẹ̀: àwọn onímọ̀ ṣírò ọjọ́ orí Escarpia laminata kan kọjá 300 ọdún. Ìyẹn ni pé ó ti wà nínú ọ̀pá rẹ̀ kí Àfọ̀njá tó jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìlọrin.

Ṣé ewu kan wà fún wọn?

Ó wà. Láàárín Hawaii àti Mẹ́síkò, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní Clarion-Clipperton, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà kìlómítà níbùú lóròó. Òkúta dúdú kún ilẹ̀ rẹ̀, nickel àti cobalt tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì sì wà nínú wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́ lọ kó wọn. Ìṣirò kan ní 2023 ní irú ẹran tó wà níbẹ̀ á tó 5,578, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn kò tíì ní orúkọ, aràn sì wà lára àwọn tó pọ̀ jù. International Seabed Authority, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìsàlẹ̀ òkun, tó wà ní Kingston ní Jàmáíkà, ló ń ṣe òfin rẹ̀. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí òfin òkun àgbáyé láti 1986, nítorí náà ó ní ẹnu níbẹ̀. Èrò tèmi: ẹni tí kò tíì ka ohun tó wà nínú yàrá kò yẹ kó máa tú àjà rẹ̀.

Tíṣà, mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Ibo ni kí n gbà?

Mú baọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì dáadáa kó o tó jókòó sí JAMB. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹranko wà ní Yunifásítì Ìlọrin, o ò ní láti rìn jìnnà kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, ilé ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, wà ní Victoria Island; ibẹ̀ ni kó o béèrè àyè ìdánrawò lẹ́yìn náà. Má retí pé wọ́n á gbé ọ wọ ọkọ̀ lọ sí ibú lọ́dún àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ aràn, orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é: maikirosíkóòpù, ẹ̀mú kékeré àti sùúrù.

Kó o tó débẹ̀, dátà fóònù rẹ tó. Orúkọ tó tọ̀nà fún aràn kọ̀ọ̀kan wà lórí ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ WoRMS, máàpù ibi tí wọ́n ti rí i wà lórí ìkànnì OBIS, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Kọ Riftia pachyptila sínú OBIS, lẹ́yìn náà kó o kọ Escarpia southwardae, kó o fi máàpù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wo ọdún tí wọ́n kọ sí àmì kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó kó o wá. Ìbéèrè tó bá jáde látinú ìyẹn ni kó o mú wá sí kíláàsì.